Igi Ìwọ́ Àbúrò Mi

Ìyá bàbá wa ni ó kó gbogbo wa sínú wàhálà yìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nílé wa ní Kambolé, kò sí ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ já tí ìyá àgbà yìí kò ní gbẹ́lẹ̀ fún. Yóò sin ìwọ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé, yóò gbin igi eléso lé e lórí, yóò wá sọ fún ìyá ọmọ pé, "Igi rẹ̀ nìyí o. Bí ẹ bá ṣe ń tọ́ ọmọ ni kí ẹ máa tọ́ igi." Àlejò tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú igi lásán ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé igi àti ọmọ ti di ọ̀kan, pé ohun tó bá ṣe ọ̀kan ni yóò ṣe èkejì.

Tèmi ni máńgòrò. Igi náà ń so bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀, èso wẹ́wẹ́ tó kún fún okùn, tí í há sí èèyàn léyín. Èmi náà bí ọmọ mẹ́ta láìsinmi, gbogbo ilé sì ń sọ pé ṣé ẹ ò rí igi rẹ̀ ni. Wọ́n tún máa ń fi okùn inú máńgòrò náà bú mi, wọ́n ní mo dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń há sí èèyàn léyín. N kì í bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ti àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ni píà, èyí tí àwa ará Tógò ń pè ní afóká. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ afóká, iṣu àti àgbàdo ló mọ̀. Omi tí wọ́n fi ń tọ́ ọ dàgbà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ìwẹ̀ àti omi àlùwàlá, èyí tí kì í wọ́n nílé wa, nítorí pé bàbá wa ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò. Igi náà dàgbà, ó ń so. Nígbà tí àbúrò mi wà nílé ìwé, òun àti ìyá wa máa ń ru afóká lọ sí ọjà Koussountou, wọn kì í sì í ru ìkankan padà. Kò sí ẹni tó fiyè sí i pé afóká mìíràn wà lágbàálá bàbá kékeré, àbúrò bàbá wa, ní òdìkejì ògiri kúkúrú tó la ilé méjèèjì láàárín. Igi ni igi ń jẹ́. Ta ni yóò máa wo igi méjì bí ẹni ń wo tọkọtaya?

Àbúrò mi rí ọkọ sí Tchamba. Ọkùnrin náà ń ta píẹ̀sì alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ọmọlúàbí ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí yìgì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní àyè kò ní gba àlejò. Bàbá kékeré fẹ́ràn ọmọ yìí ju àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n wó ògiri àárín, kí wọ́n sì gé afóká tirẹ̀, kí wọ́n lè na báàṣì, tapólì ńlá, láti ilé kan dé èkejì kí òjìji lè kárí gbogbo èèyàn. Wọ́n wó ògiri, wọ́n gé igi, wọ́n là á, wọ́n sá a sóòrùn. Igi náà ni wọ́n fi se ìrẹsì yìgì. Ìrẹsì náà dùn, èmi gan-an jẹ ẹ́ tán mo tún bù sí i.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi àbúrò mi yọ òdòdó débi pé ewé rẹ̀ kò hàn mọ́. Oyin bò ó. Lẹ́yìn náà ni gbogbo òdòdó ọ̀hún já sílẹ̀, ìyá wa sì ń gbá a láràárọ̀ bí ẹni ń gbá ìyàngbò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àbúrò mi náà, ní Tchamba, kò lóyún. Nílé wa, kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹnu ìyá kékeré, ìyàwó bàbá kékeré, ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Bàbá wa ṣàìsàn lọ́dún náà, ìyá ọkọ àbúrò mi sì ti Tchamba wá kí i. Wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ afóká. Òdòdó ń já sí i lórí gèlè, ó ń gbọ̀n ọ́n dànù, ó wá béèrè pé irú igi wo ló ń yọ òdòdó tó báyìí tí kò sí èso kan lára rẹ̀. Ìyá kékeré dá a lóhùn bí ẹni ń bu omi fún àlejò.

"Háà, ìyá, igi ìwọ́ ìyàwó yín mà ni. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé e lọ ni kò ti so mọ́."

Ẹyin lohùn. Mo ti ní kí n má bínú sí ìyá kékeré mọ́, nítorí kò rò ó ní ibi, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí i.

Ìyá ọkọ kò pariwo. Ìbá pariwo ni, à bá mọ bí a ó ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó dúró kí bàbá wa gbádùn, ó wá mú èèyàn méjì lẹ́yìn, ó jókòó, ó kí gbogbo ilé dáadáa, ó ní, "A ò kọ ọmọ yín o, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Bí igi yẹn bá so nínú òjò tó ń bọ̀ yìí, a ó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lọ́nà, a ó ní sùúrù. Bí òjò bá lọ tí kò so, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wálé wá sinmi."

Gbogbo wa la mọ irú ìsinmi tí ìyẹn jẹ́. Bàbá wa, tó ń pe ìrun fún gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìbá sọ pé igi kọ́ ló ń fúnni lọ́mọ. Ó kàn ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Báyìí ni wọ́n ṣe fi afóká ṣe adájọ́ ilé ọkọ àbúrò mi.

Sokodé ni mo wà nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Mò ń ránṣọ nínú yàrá kan tó kọjú sí ọ̀nà, ilé onílé tí mo ń gbé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wa ló pè mí sọ fún mi. Mo pariwo lórí fóònù débi pé àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dá máṣíìnì dúró. Mo ti mú àbúrò mi lọ sí ọ̀pítà ní Sokodé ṣáájú ìgbà náà. Agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan tó ṣe é, kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ òun náà wò. Àbúrò mi jíṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní òun ń bọ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Kò sí ẹni tó lọ jókòó sábẹ́ igi tirẹ̀, kí wọ́n wo bóyá ó so.

Obìnrin kan wà tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi, ọ́fíìsì àgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan tí mo ń wọ̀n ọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ igi yìí fún un, nítorí ní àkókò náà, kò sí ẹni tó dúró kí n wọ̀n ọ́n tí kò gbọ́ ọ. Àwọn yòókù máa ń ṣàánú mi, wọn á ní kí a lọ wádìí ẹni tó ń di igi lọ́wọ́. Èyí kò ṣàánú mi rárá.

Ó ní, "Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Òun nìkan ni. Ta ni kó tún wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà wo ló ti ń dá wà?"

Tépù wà lọ́wọ́ mi, n kò lè kà á mọ́. Mo rántí ògiri tí wọ́n wó. Mo rántí iná tó ń jó lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì.

Ó mú mi lọ sí àgbàlá onílé mi, níbi tí afóká kan wà tó ń yọ òdòdó, ó já ẹ̀ka kékeré kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní òdòdó afóká kọ̀ọ̀kan máa ń là lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá kọ́kọ́ là, obìnrin ni, ó ń retí ìyẹ̀fun ọkùnrin tó ń sọ òdòdó di èso, kò sì ní in lára. Yóò padé. Tó bá tún là lọ́jọ́ kejì, ó ti di ọkùnrin, ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè gba nǹkan kan mọ́. Igi kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ ni obìnrin inú rẹ̀ máa ń là tí ọkùnrin inú rẹ̀ ń là ní ọ̀sán. Igi mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì ìyẹn. Bí igi bá dá wà, nígbà tí gbogbo obìnrin rẹ̀ bá jáde, kò sí ọkùnrin níta. Nígbà tí ọkùnrin bá jáde, àwọn obìnrin ti wọlé. Ó fi èyí wé bí wọ́n ṣe ń jáde ní mọ́sálásí, ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, obìnrin lẹ́nu ọ̀nà tiwọn.

Mo ní, "Oyin ńkọ́? Oyin kún orí rẹ̀."

Ó ní, "Oyin ń jíṣẹ́ ni. Ta ló rán an?"

Igi kan kì í dá igbó ṣe, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. N kò mọ̀ pé bí ó ṣe rí gan-an ni. Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju ìgbà tí mo rò pé ẹnì kan ló fi wá ré lọ. Kò sí ẹni tó di igi lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni bàbá kékeré fi gé èkejì igi náà, kí àlejò lè rí òjìji jókòó sí níbi yìgì rẹ̀, a sì fi se ìrẹsì jẹ.

Tí a bá gbin òmíràn, yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún, òjò kan péré sì ni wọ́n fún wa. Obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní ohun kan wà tí àwọn kan máa ń ṣe. Wọ́n á gé ẹ̀ka tó ń yọ òdòdó lára igi mìíràn, wọ́n á kì í sínú omi kó má baà rọ, wọ́n á sì gbé e kọ́ sórí igi tó dá wà, kí oyin máa ti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn. Mo pe ìyá wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó lọ fi ìka kan òdòdó ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, ó là, kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀. Mo fi ìka kan ti onílé mi ní wákàtí kan náà, ìka mi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹ̀fun bò ó. Mo jókòó sórí ìpìlẹ̀ ilé, mo rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Onílé mi, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Kotokoli, kò yé e ìdí tí aránṣọ fi fẹ́ gbé òdòdó kọjá lọ sí Kambolé. Mo ṣàlàyé ní Tem, èdè àwọn Kotokoli, tí mo gbọ́ mọ níwọ̀n. Ó ní kí n gé e, kí n ṣá fi èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ òun máa jẹ sílẹ̀. Mo gé e kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo kì í sínú àwọn bídọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì kékeré tí mo ti gé lẹ́nu, mo fi aṣọ tútù bò ó. Nínú tákísì Tchamba, obìnrin kan tó jókòó tì mí ń béèrè bóyá ìyàwó tuntun ni mò ń gbé òdòdó lọ fún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti Tchamba lọ, mo gun zémì, ọ̀kadà ilẹ̀ wa, eruku ọ̀nà pupa bo gbogbo ara mi, omi bídọ̀nù ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọlọ́kadà náà dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí pé oyin kan bá wa rìn, ó ní òun ò gbé oyin.

Nígbà tí mo dé ilé, mo gun àkàbà, mo so bídọ̀nù mélòó kan mọ́ ẹ̀ka afóká, ìyá wa di àkàbà mú. N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ìyá kékeré ti rí mi. Ó dúró, ó wo òkè, ó wo omi tó ń sorọ̀, ó wo òdòdó àjèjì, ó yí padà. Kí a tó kírun Ásárì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ ládàánì ti Sokodé gbé oògùn bọ̀, ó gbé ẹbọ kọ́ igi.

Bàbá wa kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Bàbá, òdòdó ni."

"Mo ní kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣé èmi ni màá máa pe èèyàn sí ìrun, kí wọ́n máa wo ẹbọ lókè orí ilé mi?"

"Ẹ̀yin lẹ gbà kí wọ́n fi igi dá ọmọ yín lẹ́jọ́. Ìyẹn ò jẹ́ ẹbọ, tèmi ló wá jẹ́ ẹbọ?"

Ìyá wa bò mí lẹ́nu. N kò sọ̀ nǹkan kan kalẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n lọ pe ààfáà àgbà. Ó dé, ó ti darúgbó, wọ́n dì í mú kó tó ríbi jókòó. Wọ́n sọ̀ bídọ̀nù kan kalẹ̀ fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi igi ro omi inú rẹ̀, ó ń wá bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀ tàbí wọ́n di nǹkan sísàlẹ̀. Gbogbo ilé kún, àwọn ọmọdé gun ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó wá bojú wò mí.

"Omi lásán ni?"

"Omi lásán ni, ààfáà."

"Mu ún."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo gbé bídọ̀nù sẹ́nu níwájú gbogbo wọn. Ó korò, oje igi ti wọ inú rẹ̀, kòkòrò kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí mo gbé mì. Mo mu ún títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ààfáà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé e padà sókè, kí wọ́n sì lọ bu omi mìíràn sí i fún mi. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà títí di òní. Bàbá wa wọlé, kò bá mi jẹun.

Mo tún gbé òdòdó lọ nígbà tí àkọ́kọ́ rọ, mo tún gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ àwọn oníbàárà ń kó jọ ní Sokodé, wọ́n ń bú mi, mo ń bú wọn padà. Àbúrò mi máa ń pè mí láti Tchamba, ohùn rẹ̀ kélekèle kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yọ?"

"Kò tíì yọ. Fara balẹ̀."

"Ẹ ní kí Màámi wò ó dáadáa, ó lè wà lábẹ́ ewé."

Nígbà tó yọ, ó tóbi bí ẹ̀pà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ já, bí ó ti máa ń ṣe níbi gbogbo, ìyá wa sì ń sunkún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù dúró. Òjò dé, wọ́n ń tóbi, ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tì í. Àwọn tó pè mí ní ẹlẹ́bọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí ìyá wa kú oríire. Àbúrò mi ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù, èmi náà sì bá a sunkún. N kì í tètè sunkún, kí ẹ mọ̀.

Ìyá wa ru abọ́ afóká ńlá kan lọ sí Tchamba fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó là á, ó fi iyọ̀ àti búrẹ́dì jẹ ẹ́, ó ní Alihamudulilahi, ó ní ó dùn. Ó pín in fún àwọn aládùúgbò. Inú ìyá wa dùn tí ó ń bọ̀ wálé, ó ń sọ pé ọ̀ràn ti tán. Èmi náà gbà pé ó ti tán.

Wọ́n dúró de oyún, kò dé. Òjò ń lọ sópin. Wọ́n wá pè wá sí Tchamba, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wà. Bàbá wa, bàbá kékeré, ìyá wa àti èmi ló lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo rí i lójú ọkọ àbúrò mi kí a tó jókòó, nítorí pé kò lè wo ojú ẹnì kankan. Àbúrò mi jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sórí itan.

Ìyá ọkọ tún kí gbogbo wa dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣé fún afóká o. Igi yín ti so. Ẹ̀yin rí i, àwa náà rí i, a jẹ nínú rẹ̀. À ń rò tẹ́lẹ̀ pé ayé ló dì wọ́n pọ̀, òun àti igi. A ti wá rí i báyìí pé igi kò ní nǹkan tó ń ṣe é. Ara ọmọ yín ló kù."

Bàbá wa ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, mo ń gbọ́ bí ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kan ara wọn. Mo ti ṣèlérí fún ìyá wa pé n kò ní la ẹnu.

Mo ní, "Igi yẹn kò dá so, ìyá. Kò lè dá so láéláé. Wọ́n ti gé èkejì rẹ̀, èmi ni mo lọ wá èkejì mìíràn fún un ní Sokodé. Ọdún gbogbo tí ẹ fi ń wò ó, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Agbẹ̀bí ní kí ọmọ yín wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó lọ?"

Bàbá wa ní, "Dákẹ́."

"Ẹ bi í. Ó jókòó síbẹ̀. Ṣé ó lọ?"

Ọkọ àbúrò mi tẹ orí ba. Ìyá rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ sì ti yí padà pátápátá.

"Ọmọ mi lo ń pè ní igi tí wọ́n gé?"

Mo ní n kò pè é bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, mo pè é bẹ́ẹ̀, màá sì tún un sọ bí ó bá di ọ̀la. Bàbá kékeré ń bẹ̀bẹ̀, ìyá wa ń bẹ̀bẹ̀, èèyàn ń wọlé láti ìta. Ọkùnrin náà kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn, kò dá èmi lóhùn, ó kàn jókòó. Mo rò pé bí ó bá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìbá gba ibòmíràn lọ. Wọ́n ní kí àbúrò mi lọ kó ẹrù rẹ̀.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ń tẹ́ ẹ sínú àpótí bí ẹni pé ọjà ló fẹ́ lọ. Èmi ni mò ń pariwo. Mo ń sọ fún un pé kó má dààmú, pé òtítọ́ wà lọ́dọ̀ wa, pé gbogbo Kambolé ti rí i pé igi rẹ̀ so, pé kò sí ẹni tó lè sọ pé ó yàgàn mọ́, pé mo ti jà fún un mo sì ti borí. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, mo ní mo ti borí.

Ó pa àpótí dé. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tíì yé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí igi yẹn ò so, àwa méjì ni wọ́n ń bú. Ó ti so báyìí. Ó wá ku èmi nìkan."

Ó di etí àpótí kan mú, mo di èkejì mú, a gbé e jáde sí àárín àwọn èèyàn.